Igi Tí Wọ́n Fi Dí Ẹ́ńjìnnì

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní oṣù kẹta ọdún 1963, Fadékẹ́mi Oyèṣọlá wọ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè, ó sì lọ sí gáréèjì láti tọ́jú katakata.

Katakata náà kò tóbi. Ó ń wọ gáréèjì ilé wọn ní Bódìjà, àyè sì ń ṣẹ́kù fún kẹ̀kẹ́ ọmọ. Theophilus ọkọ rẹ̀ ló rà á, kí ìjọba tó rán an lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Oko wa tó wà lọ́nà Ọ̀jọ́ọ̀, má jẹ́ kó di igbó." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà ni Fadékẹ́mi, kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Bàbá Bùsàrí tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ilé wọn, tí wọ́n ti fi ogún ọdún wa katakata fún ìjọba, ni wọ́n kọ́ ọ. Bàbá kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọn á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, wọn á máa fa tẹ̀súbáà, wọn á sì máa fẹnu júwe: "Ẹ tú ìyẹn. Ẹ má fipá tú u. Ẹ nù ún kí ẹ tó dá a padà." Láàárín ọdún kan, Fadékẹ́mi mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ó mọ gbogbo ojú ibi tí gíríìsì ń wọ̀, ó sì mọ bí bẹ́líìtì ṣe gbọ́dọ̀ le tó béèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Kó tó di Sátidé yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni katakata náà kò fi sí nílé. Olúsọjí, àbúrò Theophilus, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, ló wá gbé e, ó ní òun fẹ́ fi tú ilẹ̀ díẹ̀ ní Àpáta. Ọdún mẹ́rin ni Fadékẹ́mi fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Olúsọjí ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e níyàwó wọlé, ọkọ ló jẹ́ fún un, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. "Akọ̀wé" ló ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kò rí ẹnu sọ pé òun ò ní fún un. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ọ́ìlì rẹ̀ láràárọ̀."

Olúsọjí rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé èmi lo fẹ́ kọ́?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló tó dá a padà. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, kò dúró mu omi.

Fadékẹ́mi wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti òkè. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń bu omi sí. Omi náà pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ewé ń léfòó nínú rẹ̀. Ó yọ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Eruku àti ìyàngbò ti dí i pa. Ó pòṣé. Ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á. Irin náà gbẹ ta.

"Bàbá," ó pè, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọ́ìlì ò sí níbẹ̀ o."

"Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì o!" ni Bàbá Bùsàrí wí láti orí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wo abẹ́ rẹ̀."

Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó rá wọ abẹ́ katakata. Nọ́ọ̀tì irin kan ló yẹ kó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n máa ń tú bí wọ́n bá fẹ́ da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Kò bá nọ́ọ̀tì níbẹ̀. Igi ló bá, igi tí wọ́n fi àdá gbẹ́ ṣóńṣó, tí wọ́n wé ní àkísà, tí wọ́n sì fi òkúta gbá wọnú ihò. Ọ́ìlì tó kù ń kán díẹ̀díẹ̀ lára àkísà náà. Ọ̀kan kán sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, inú ń bí i gidigidi. Kì í ṣe pé nọ́ọ̀tì sọnù ló ń bí i nínú. Nọ́ọ̀tì lè bọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó, tó mú àdá, tó fi sùúrù gbẹ́ igi yìí, mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó mọ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì gbé e wá fún un.

Ó ti abọ́ sábẹ́ ihò náà, ó sì fa igi yọ. Ìgbà yẹn ló rí bàtà dídán kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa! Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ku ilẹ̀ bàbá kan ní Àpáta, Mọ́ńdè ni mo ṣèlérí fún wọn."

Fadékẹ́mi rá jáde, ó na igi náà sí i. "Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Olúsọjí wò ó, ó gbójú kúrò. "Àá, ìyẹn. Nọ́ọ̀tì ló bọ́ sínú oko. A wá nǹkan dí i. Ṣebí ó ṣiṣẹ́?"

"Ọjọ́ wo ló bọ́?"

"Á tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ dá a padà lánàá, ẹ ò sọ fún mi. Tí mo bá ti ta á láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tí kò lọ́ìlì á jó, Akọ̀wé. Á gan pa."

"Á gan pa!" Olúsọjí sín in jẹ, ó yíjú sí Bàbá Bùsàrí bí ẹni pé kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Wò ó, ìyàwó, katakata ẹ̀gbọ́n mi ni. Tó bá bàjẹ́, tiwa ló bàjẹ́, kì í ṣe ti bàbá rẹ. Iṣẹ́ tìrẹ ni kó o nù ún kó mọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Fadékẹ́mi wo bàtà rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kúnlẹ̀ kí ọmọkùnrin yìí.

"Olúsọjí," ó ní.

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá Bùsàrí.

"Olúsọjí, ìwọ ni mò ń bá wí. Òpùrọ́ ni ọ́. O ba ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi síkàáwọ́ mi jẹ́, o wá fẹ́ kó kú sí mi lọ́wọ́, kó o lè kọ̀wé sí i pé ìyàwó rẹ̀ ló pa á. Bàbá tí wọ́n tó bí mi lọ́mọ ń sọ 'ẹ' sí mi. Ìwọ tí mo fọ aṣọ ilé-ìwé fún, ìwọ lò ń sọ pé kí n máa nu katakata! O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Jáde níbí!"

Olúsọjí jáde. Ṣùgbọ́n kò lọ sí Àpáta, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ ló gbà lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, takisí ti já àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní Bódìjà. Màmá ò jókòó.

"Fadékẹ́mi, ṣé lóòótọ́ lo pe ọkọ rẹ lórúkọ?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"O sì sọ 'ìwọ' sí i?"

"Mo sọ ọ́, Màmá."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí nílé Oyèṣọlá. Kúnlẹ̀ kó o bẹ̀ ẹ́. Kó o sì fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ọ̀rọ̀ parí."

Fadékẹ́mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní, "Akọ̀wé, mo pè yín lórúkọ. Ẹ má bínú." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ ní kí n bẹ̀, mo ti bẹ̀. Orúkọ ni mo fi ṣẹ̀ wọ́n, kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀. Theophilus ló fi lé mi lọ́wọ́, òun ni màá dá a padà fún."

"Èmi ni mo bí Theophilus!"

"Ẹ̀yin lẹ bí i, Màmá. Ẹ kọ̀wé sí i. Màá bá yín kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá sì kọ gbogbo èébú tí mo bú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n màá kọ ti igi náà mọ́ ọn."

Olúsọjí gbésẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ já kọ́kọ́rọ́ gbà. Bàbá Bùsàrí dìde lórí àga wọn.

"Ìyá, mo kí yín o," ni wọ́n wí. "Awakọ̀ tó bá ṣe ohun tí ọmọ yín ṣe yìí lẹ́nu iṣẹ́ wa, ọjọ́ náà ni wọ́n ń lé e. Ìyàwó yín ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yìí jó."

Màmá yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ lo gbẹ́ igi ọ̀hún ni?"

Olúsọjí fà sẹ́yìn. Màmá so gèlè wọn le. Wọn ò sọ pé Fadékẹ́mi jàre. Wọ́n kàn ní, "Mú mi lọ sílé, Olúsọjí," wọ́n sì jáde láìdágbére fún ìyàwó wọn.

Ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti jáde, Fadékẹ́mi kiri Gbági láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù kó tó rí nọ́ọ̀tì tó bá ihò náà mu. Lẹ́yìn tó ti fi sípánà dè é pinpin, tó rọ ọ́ìlì tuntun, tó fọ asẹ́, tó sì pààrọ̀ omi, ó ta ẹ́ńjìnnì. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń lù kò-kò nínú rẹ̀, Fadékẹ́mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bàbá Bùsàrí tẹ́tí sí i títí.

"Ó ti fara pa nínú," ni wọ́n wí. "Á ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó bó ṣe yẹ."

Fadékẹ́mi pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi sípánà lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì mí kanlẹ̀ kó tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Ìròyìn náà dé etí Theophilus, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlà kan ló fi dúpẹ́ pé ó tọ́jú katakata. Gbogbo ìyókù dá lórí àbúrò rẹ̀: kí ló dé tó fi pè é lórúkọ, ṣé kò mọ̀ pé aráyé ń wo àwọn ni, kó ní sùúrù, kó tún lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú ẹbí.

Inú yàrá àwọn tíṣà ló ti kà á, lásìkò tí àwọn ọmọ jáde ṣeré. Ó fa bébà yọ lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ èsì rẹ̀:

"Ọkọ mi, mo ti bẹ Akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì ní bẹ̀ wọ́n mọ́. Títí di òní, kò sí ẹnì kankan tó bẹ èmi. Ẹ̀yin náà ò bẹ̀ mí."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kò pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ó fi itọ́ lẹ ẹnu àpò ìwé náà, ó fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì jáde lọ síbi àpótí lẹ́tà kí aago tó lù.