Ọjọ́ Tí Jọlá Bá Ọkọ Rẹ̀ Jiyàn Níwájú Ìjọba

Kò sí ibi tí Jọlá lè jókòó sí kó má dárúkọ tíṣà. Olùkọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọba ló fi ń ṣe ìwádìí: bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n síṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbé wọn kiri, ohun tó ń lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kí wọ́n tó bí Qonitah ọmọ wọn, àríyànjiyàn iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wọn ní Bódìjà, ni wọ́n bá ṣòfin: bí bàtà bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ìdí tí Jọlá ò fi mọ ẹni tó kọ ètò tuntun tí ìjọba gbé jáde nìyí.

Ètò náà ni pé tíṣà tó bá ti pẹ́ nígboro yóò lọ máa kọ́ àwọn ọmọ abúlé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ètò yìí bí Jọlá nínú gan-an. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n gbé báyìí. Ó ti bá wọn wọkọ̀ ní Challenge ní ìdájí, ó sì ti rí i bí okun ṣe ń tán nínú wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí ìjọba pè é sí ìpàdé kan ní Ring Road pé kó wá sọ ohun tó rí, ó múra bí ẹni tó ń lọ sójú ogun.

Ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kan gbogbo ènìyàn lára. "Ẹni tó kọ ètò yìí ò wọkọ̀ abúlé rí láyé ẹ̀," ló wí. "Abẹ́ ẹ́síì ló jókòó sí, tó ń pín èèyàn bí ẹni ń pín súwíìtì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága ìpàdé, Alhaja Zùwáírátù, wò yí ká. "Ó yá, kí ẹni tó kọ ọ́ dìde, kó fèsì."

Nùrẹ́nì ọkọ Jọlá ló dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Jọlá jókòó láìròtẹ́lẹ̀. Nùrẹ́nì tún táì rẹ̀ ṣe. "Ẹ ṣeun, Dókítà," ló wí, bíi pé kì í ṣe àkàrà obìnrin yìí ló jẹ láàárọ̀. "Mo ti wọkọ̀ abúlé rí. Ibì kan wà tí mo dé, tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta. Ó kọ ìṣirò sí apá kan pátákó, ó kọ Yorùbá sí apá kejì, àwọn tó kù ń kọrin títí yóò fi kàn wọ́n. Ṣé ká pa àwọn ọmọ yẹn tì torí pé ọ̀nà jìn ni?"

Jọlá ti dìde padà. "Ta ló ní kẹ́ ẹ pa wọ́n tì? Ẹ ń gbé tíṣà lọ, ẹ ò kọ́lé fún wọn. Ibo ni kí wọ́n sùn?"

"Ẹ ò dárúkọ ilé nínú ọ̀rọ̀ yín, mà."

"Mo dárúkọ ẹ̀! Ẹ kì í fetí sílẹ̀ ni. Bàbá Qonitah, ẹ kì í fetí sílẹ̀ rárá!"

Alhaja bọ́ awò ojú wọn. "Àbí ẹ mọra tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ìyàwó mi ni, mà," ni Nùrẹ́nì dáhùn.

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ojú ti Jọlá débi pé ṣe ló fi bébà bojú. "Ó tán," Alhaja wí, àwọn náà ń nu omi ẹ̀rín lójú. "A ò tún yan ìgbìmọ̀ kankan mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ lọ kọ ọ́, kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo padà wá."

Nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Jọlá béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn fún mi rí?"

"Mo ti bọ́ bàtà nígbà tí mo délé."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Wọ́n jiyàn gan-an kí wọ́n tó kọ ọ́ tán. Nùrẹ́nì gbà pé wọn ò ní fipá gbé ẹnikẹ́ni mọ́, Jọlá náà sì gbà pé àwọn ọmọ abúlé ò lè dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé. Wọ́n ní kí ìjọba kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé fún tíṣà tó bá fẹ́ lọ. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn abúlé mélòó kan lójú ọ̀nà Àpáta dán an wò.

Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ wo ibẹ̀, Fọláyọ̀, tíṣà kan tó ti Agbowó wá fúnra rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n béèrè bí ilé ṣe rí.

"Ilé dáa, mà. Afẹ́fẹ́ wà, omi wà. Àwọn ọmọ náà ò jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ti fẹ́ mọ ìwé jù." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àfi adìyẹ baálẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń yé sí."

Jọlá wo Nùrẹ́nì. Nùrẹ́nì wo òrùlé. Wọ́n bá Fọláyọ̀ wọlé lọ wo ẹyin náà.