Ìka Kan Tó Lé Lórí Gìtá

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí n tó rojọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tì mí lójú ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ tó tẹ̀lé e ò jẹ́ kí ojú náà tì mí tán.

Olùkọ́ orin ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lórin. Lọ́dún yìí ni àrùn etí dá wọn dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Dókítà ní etí ti jinná, pé kí wọ́n máa kọrin wò nílé, orin nìkan ló lè fi hàn bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé ní tirẹ̀ ń retí èsì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì: ṣé wọ́n ń padà bọ̀ ni, àbí kí òun gba ẹlòmíràn?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí. Ogún ọdún ni mo ti ń ta gìtá ní ilé ìtura, ta ni wọn ì bá tún pè? Orin tí ìyá wa fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún ní kékeré ni wọ́n yàn.

Wọ́n ní, "Òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Bí mo bá ṣi èyí kọ, ó ti parí nìyẹn."

Ẹnu lásán ni ìyá wa fi ń kọ ọ́. Èmi ni mo wá wá kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn gìtá tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, sí i lọ́jọ́ Ajé. A máínọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sí D máínọ̀, ó ń lọ geere. Nígbà tó di ìparí ìlà kejì, mo tẹ E méjọ̀, bí gbogbo àwa ará ilé ìtura ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, torí ó máa ń ti orin padà sílé kíákíá. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi àti ti gìtá ti kọlu ara wọn, bí ìgbà tí ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Ẹ ti lọ sílẹ̀ jù."

Wọ́n tún un kọ. Ó tún ha.

"Ibi tí ìyá wa ń gbé e sí ni mo gbé e sí," wọ́n ní.

"Etí yín ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín."

Ẹnu mi yìí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é ṣà. Wọ́n kàn fọwọ́ kan etí ọ̀tún wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí di Ọjọ́rú, èmi ń kanra, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Àgbà ń bẹ̀ mí o, mo sì ń gbà á.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé lórí tábìlì: wọn ò ní lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, apá aṣọ kan náà ni wọ́n ń lọ ṣáá. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí. Mo ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Okùn kan ti dípẹtà lára gìtá. Bí mo ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹnu okùn tuntun gún mi ní ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì. Mo fi aṣọ wé e, a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan E, ìka náà ń ro mí, mi ò lè fi tẹ okùn kẹta. Ìka méjì yòókù nìkan ló dúró síbi tiwọn. Okùn kẹta dún lásán, G. E méjọ̀ ti di E máínọ̀ nìyẹn. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì bà lé e wẹ́rẹ́, G kan náà.

Mo dá gìtá dúró, mo wo ìka mi.

"Mo tún ṣì í, àbí?" wọ́n ní.

"Ẹ tún un kọ."

Mo fara da ìrora, mo tẹ̀ ẹ́ bíi tàná: ó ha. Mo gbé ìka kúrò: ó dùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dán an wò kí n tó gbà fún ara mi. Orin ìyá wa ò gbé ohùn kankan sókè. Bí àkàbà ohùn rẹ̀ ṣe wà láti A dé A ló ṣe ń gùn ún, inú àkàbà yẹn ló sì yẹ kí n ti ṣa kọ́ọ̀dù, kí A, D àti E jẹ́ máínọ̀ gbogbo wọn. Èmi ni mo lọ gbé E méjọ̀ wá láti ibi iṣẹ́, èyí tí a gbé G inú rẹ̀ sókè díẹ̀. Wọ́n ń kọ G, mò ń tẹ aládùúgbò rẹ̀, mo sì ń bá wọn jà.

"Etí yín ò ṣe nǹkan kan," mo ní. "Èmi ni mò ń ṣì í tẹ̀."

"Láti ọjọ́ Ajé?"

"Láti ọjọ́ Ajé. Ẹ forí jì mí."

Wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù, wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fojú kan oorun láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọrin ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omijé ń bọ́ lójú wọn, ohùn wọn ò sì yẹ̀ níbì kankan. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́.

Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe ọ̀gá ilé-ìwé.

"Ẹ máa retí mi lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀," wọ́n ní. "Etí mi ti dá ṣáṣá. Ṣé kí àbúrò mi wá máa ta gìtá fún àwọn ọmọ kẹ̀? Rárá, ẹ bá mi wá ẹlòmíràn. Etí tiẹ̀ gan-an ni ò tíì jinná."

Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dìjà. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni mò ń rín, títí mo fi jókòó sílẹ̀.