Ẹ Dúró Dè Mí

Ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Ẹdẹ, wúrà tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i la fi ń ṣiṣẹ́. A máa ń tò ó sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́. Bí kòkòrò ibà Lásà tí eku ń kó ranni bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, wúrà yẹn á so mọ́ ọn, ìlà pupa kejì á yọ. Ìyá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Aqeelah, wúrà tí èèyàn ò lè fi sétí, wúrà wo nìyẹn?"

Nígbà tí ibà dá Ìyá dùbúlẹ̀ ní Ara, ìlú wa, gbogbo ilé ní ibà lásán ni. Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, mo gbé e wá sí Ẹdẹ. Láàárọ̀ Sátidé, ìlà kejì yọ, ó pọ́n bí ata. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pe Fawziyah, àbúrò mi, ni òun náà pè wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ti lọ o!"

Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹbí lẹ́yìn rẹ̀; ó ti gbé ohùn fóònù síta, gbogbo wọn ló ń gbọ́ tèmi náà. Báwo ni n ó ṣe dárúkọ àrùn eku mọ́ ìyá mi létí gbogbo agbolé? Ojú tì mí. Mo kàn ní, "Ẹ dúró dè mí. Ẹ má tíì wẹ̀ wọ́n."

Wọ́n rò pé ojú Ìyá ni mo fẹ́ rí kẹ́yìn. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Kí n tó dé, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin ló yẹ kó wẹ̀ wọ́n, Fawziyah ló sì wẹ̀ wọ́n, ọwọ́ lásán, pẹ̀lú ìka tó gbọgbẹ́ nígbà tó ń rin ẹ̀gẹ́.

Mo fà á wọ yàrá, mo sọ ohun tó pa Ìyá fún un. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń na ìka sí mi. Mi ò lè ṣe ju kí n máa gún un, kí n máa wo bébà. Oògùn ibà yìí tí àwa ń fi irú wúrà yẹn ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, eku nìkan la ṣì ń fún, láti fi dán an wò. Eku ló kó àrùn wọlé, eku náà ló ń rí ìwòsàn! Inú bí mi títí mo fi sunkún.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ara rẹ̀ gbóná. Ìlà kejì yọ. Mo pe àwọn elétò ìlera, wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀. A jókòó, à ń retí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "lọ́jọ́ tí mo pè yín yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀?"

Mo ní mo ti mọ̀.