Ìgò Kejì Ò Gbọ́dọ̀ Mọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹyin ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé oníbúrẹ́dì, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹnu ló dá a sílẹ̀. Ẹyin kàn bá wọn níbẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ni oníbúrẹ́dì náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ò bímọ, àwọn ni wọ́n sì tọ́ ọmọ náà láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún báyìí, ó mọ ààrò ilé náà dénú. Bó bá na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, á sọ fún yín bóyá búrẹ́dì á jóná tàbí kò ní jóná. Àmọ́ ìbéèrè ò tán lẹ́nu rẹ̀ rí. Kí ló dé tí fúláwà fi ń fà bí rọ́bà tí wọ́n bá pò ó? Kí ló dé tí funfun ẹyin fi ń le tó bá gbóná? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é ní Púrọ́fẹ́sọ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà ò mọ èyí tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yunifásítì dé, oníbúrẹ́dì ń jẹ ẹyin sísè lọ́wọ́. Wọ́n ti gba ọmọ náà láti wá kọ́ nípa purotéènì. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú lẹ́tà náà tí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kó sì padà dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá dé, wọ́n á fi àyè náà fún ẹlòmíì.

Oníbúrẹ́dì ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ká lẹ́tà náà, ó kì í bọ àpò.

"Kí ni wọ́n ń pè ní purotéènì?"

"Ó wà nínú ẹyin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ yẹn, Bàbá. Ó dà bí okùn gígùn tó ká ara rẹ̀ jọ. Bó ṣe ká yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sè é, okùn á tú, àwọn okùn yòókù náà á tú, gbogbo wọn á wá lọ́ mọ́ra wọn wúruwùru. Ohun tó jẹ́ kí ẹyin le nìyẹn. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀, táá tún ká padà bó ṣe wà."

"Kí ló máa ká padà?"

"Ẹyin tó ti jinná."

Ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ há bàbá náà lọ́fun. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọgun pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́ ohun tétí ò gbọ́ rí. "Púrọ́fẹ́sọ̀, ọjọ́ tó o bá sọ ẹyin sísè di tútù lójú mi, màá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí, èmi fúnra mi ni màá sì ru àpótí ẹ dé yunifásítì. Tí kò bá wá ṣeé ṣe, ó parí nìyẹn, ìwọ àti ààrò lẹ jọ ń gbé."

"Ọkọ mi, ẹyin lohùn o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Tèmi ti jinná. Tó bá balẹ̀, á tàkìtì ni."

Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹnu ni?

Ọmọ náà ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ tíṣà tó kọ́ ọ ní kẹ́mísírì lọ, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín tọ́rọ̀ bá ti di ti láàbù. Tíṣà fún un ní yúríà, ìyẹn kẹ́míkà funfun kan tó ń tú okùn purotéènì tó ti lọ́ mọ́ra, ó tún fún un ní òògùn olómi kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, àti lẹ́búlẹ́bú kòkòrò àìfojúrí kan tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

"Purotéènì kan wà nínú funfun ẹyin," ni tíṣà wí, "tó ní àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹnu. Àlàfo yẹn ló fi ń gbá awọ kòkòrò yìí mú, táá sì ya á. Da lẹ́búlẹ́bú yìí sómi, omi á dà bí omi ìrẹsì. Kán ẹyin tútù sí i, omi á mọ́. Kán ẹyin sísè sí i, kò ní mọ́, torí okùn ti tú, kò sẹ́nu mọ́. Àmọ́ ìgò mẹ́ta lo máa lò. Ìkíní, ẹyin tútù. Ìkejì, ẹyin sísè tó o kàn tẹ̀ sínú omi, tí o ò ṣe nǹkan kan fún. Ìkẹta, ẹyin sísè tó o tún ṣe. Ìgò kejì yẹn ni kó o fojú sí. Tó bá fi lè mọ́, má wulẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ṣe nǹkan kan."

Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ funfun ẹyin sísè, ó dà á sínú yúríà, ó kán òògùn olóòórùn yẹn sí i, ilé búrẹ́dì sì ń rùn gbì. Kókó ẹyin yọ́ pátápátá. Inú rẹ̀ dùn, ìkánjú sì wọ̀ ọ́, ó bu omi gbàà lé e lórí kí yúríà lè tètè kúrò. Kíá, gbogbo ẹ̀ dì padà bíi wàrà tó kan. Ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ tó ń fi gbogbo òru dúró de ìyẹ̀fun kó wú, òun ló wá gbàgbé èyí! Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọ ọ́ sínú àpò awọ tín-ín-rín kan tó gbà lọ́wọ́ tíṣà, ó so ó, ó rì í sínú omi tútù nínú fíríìjì, ó sì ń pààrọ̀ omi náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí yúríà lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, kí okùn ráyè ká ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ohun tó wà nínú àpò sí ìgò kẹta, ó sì gbé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ti bọ́tà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tíṣà dé láti wá ṣe adájọ́. Gíláàsì mẹ́ta wà lórí tábìlì ìpòyẹ̀fun, omi bí omi ìrẹsì wà nínú wọn, ìwé ìròyìn sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èèyàn bá rí ìwé náà kà, omi ti mọ́ nìyẹn. Ọmọ náà kán ti ìgò kọ̀ọ̀kan sínú gíláàsì rẹ̀.

Gíláàsì kìíní mọ́. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ọmọ náà ti fẹ́ fò sókè, ló bá rí ìkejì. Ìkejì ti mọ́ ju ìkẹta lọ.

"Ó ti mọ́!" ni oníbúrẹ́dì lọgun. "Gbogbo ẹ̀ ló mọ́! Púrọ́fẹ́sọ̀, o ti borí mi, mo gbà!"

"Mi ò borí." Omi ti lé ròrò lójú ọmọ.

"O borí! Èmi tí wọ́n borí ni mò ń sọ fún ẹ!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ borí. Ìgò kejì ò gbọ́dọ̀ mọ́!"

"Mo ní mi ò borí! Ṣé tipátipá ni?"

Ẹ wo nǹkan. Àwọn méjì tó ń ta kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀dọ̀ àwọn lòótọ́ wà, olúkúlùkù ti ń ti ìborí sọ́rùn ẹnì kejì. Tíṣà gbé ìgò kejì síbi ìmọ́lẹ̀. Àfọ́kù èèpo ẹyin kan ń léfòó nínú ẹ̀.

"Ta ló fọ́ ẹyin níbí láàárọ̀?" ni ìyàwó oníbúrẹ́dì bi wọ́n. "Búrẹ́dì tòní ò gba ẹyin."

Oníbúrẹ́dì gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án ni.

"Bàbá?"

"Mo kàn ṣí fíríìjì ni. Mo rí méjì tó ń dán, mo rí ọ̀kan tó ṣì wà ní kókó-kókó. Mo ní háà, ọmọ yìí ti kùnà. Àánú ẹ ṣe mí. Mo bá rọra fọ́ ẹyin tútù kan sí i."

"Kókó-kókó yẹn ló yẹ kó wà! Ìyẹn ni kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́!"

"Ta ló ń gbé nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ sínú ìgò, táá tún wá kọ nọ́ńbà sí i lára? Ṣé mo jẹ́ àjẹ́ ni?"

Tíṣà, tí kì í rẹ́rìn-ín, kọjú sí ògiri.

Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n jẹ́ kó parí síbẹ̀, òun á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní fi ojóóró wọ yunifásítì, àti pé ẹni tó fọwọ́ kan ìkejì, ta ló mọ̀ bóyá ó fọwọ́ kan ìkẹta? Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀sẹ̀ méjì máa pé. Ó ní òun á tún gbogbo ẹ̀ ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ó ra àgádágodo, ó fi ti fíríìjì, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni oníbúrẹ́dì fi ń bẹ ọmọ tó tọ́ dàgbà kó jọ̀ọ́ fún òun ní bọ́tà nínú fíríìjì òun.

Ìdààmú tó wà lọ́kàn ọmọ náà ò kéré. Tí èyí bá kùnà, kò sáyè àtiṣe òmíì mọ́. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún pé sídìí tábìlì. Ìwé ìròyìn ò tó, wọ́n ti fi ìyókù pọ́n búrẹ́dì fún oníbàárà.

"Mo ní bébà kan," ni oníbúrẹ́dì wí. Ó mú un jáde lápò, ó tú u, ó fi ti ẹ̀yìn gíláàsì kẹta fúnra rẹ̀.

Ọmọ náà kán ti ìgò kọ̀ọ̀kan sí gíláàsì rẹ̀. Gíláàsì kìíní mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìkejì dúró funfun báláú, kò mira. Ìkẹta náà dúró bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ti ń gbàdúrà sínú. Ìgbà tó yá, òkè bébà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní bàìbàì. Omi náà ò mọ́ tó tìkíní, àmọ́ lẹ́tà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà á. Ó rí orúkọ yunifásítì. Ó rí orúkọ ara rẹ̀, èyí tẹ́nikẹ́ni kì í pè é. Ó rí ìfọwọ́sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó rí dátì.

"Ìkẹta mọ́, ìkejì ò mọ́," ni tíṣà wí. "Ó ti ṣe é."

Ọmọ náà ò gbọ́ ọ. "Bàbá, ọjọ́ tí lẹ́tà dé gan-an lẹ ti fọwọ́ sí i."

"Wo ìgò ẹ, má wo dátì."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá jẹ́ kí n máa sè, kí n máa tú, kí n máa sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì?"

Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ tó kún fún fúláwà nu ojú, ojú wá funfun. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kó padà. Mo ní tí mo bá fún ẹ lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì lo máa lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pé. Kò sóhun míì. Màá ṣàárò ẹ, ìwọ ọmọ yìí." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Ó dáa. Ẹyin tèmi náà ti fọ́. Àpótí ẹ dà?"

"Bàbá, fọ́ọ̀mù ló ń lọ lọ́la, kì í ṣe èmi. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n tó wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà."

Oníbúrẹ́dì wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo tíṣà.

"Oṣù mẹ́ta?" Ó rọra jókòó padà. "Ẹ̀yìn lẹ́tà! Ta ní ń kàwé dé ẹ̀yìn?" Ó pa ojú dé díẹ̀, ẹ̀rín ti ń wá. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ọmọ náà. "Púrọ́fẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣí fíríìjì. Ìyẹ̀fun ọ̀la ti ń dúró de bọ́tà."