Akàn Ọkọ̀ Bàbá Atta

"Ẹ wò ó o! Télọ̀ ti di apẹja!" Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fa àwọ̀n ló kígbe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì sọ ní etí òkun Elmina.

Araba ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé okùn kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ gún yanrìn, ó ń fà á bí wọ́n ṣe ń fà á. Ebo ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan, ojú ń tì í. Ẹ̀wù dúdú tuntun ló wà lọ́rùn ìyàwó rẹ̀. Fọ́tò Bàbá Atta, ọ̀gá àwọn atukọ̀, hàn kedere láyà rẹ̀. Ebo ló fi ẹ̀rọ gbígbóná wọn lẹ̀ ẹ́ lánàá.

Irú rẹ̀ ni Bàbá Atta fẹ́ kí àwọn atukọ̀ òun wọ̀ níbi ìdíje ọkọ̀ lórí ọ̀sà lọ́jọ́ ọdún Bakatue, kí wọ́n sì máa fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Bó bá dára, gbogbo ọlọ́kọ̀ èbúté ni yóò wá. Bó bá bàjẹ́ lójú ayé, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rá tí wọ́n tẹ fọ́tò sí ni Ebo fẹ́ máa fi ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù: ó yá, ó sì ń gbé gbogbo àwọ̀ jáde. Férémù ni Araba fẹ́, kí wọ́n fi rọ́bà ti íǹkì gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú rẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú férémù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú férémù tí wọ́n ní ò lè gbé ojú ènìyàn bó ṣe rí nínú fọ́tò. Wọ́n jiyàn títí. Láàárọ̀ yìí ni Araba ní, "Ebo, ó tó. Jẹ́ ká lọ bi òkun."

Àwọ̀n gúnlẹ̀. Araba yíjú sí wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Okùn ti bó ọ̀rá náà láti èjìká dé àyà.

"Yéè! Ta ló bu Bàbá nímú jẹ?"

"Ojú kan ló kù sí wọn lágbárí!"

Ebo sáré dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn. "Bàbá, ẹ má bínú."

"Dìde, jàre," ni Bàbá Atta wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Araba wá kọ ẹ̀yìn sí wọn. Akàn tí wọ́n kùn sí iwájú ọkọ̀ bàbá náà ló fi férémù tẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀wù náà, funfun àti pupa. Okùn kan náà ló ti ha á, síbẹ̀ èékánná akàn náà ò yingin. Bàbá Atta tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fi ra á, ó tún ra á.

"Àwọ̀ méjì péré ni o, Bàbá," ni Araba wí.

"Akàn fúnra rẹ̀, àwọ̀ mélòó ló ní?" Ó wo òkun. "Omi yìí ti mọ ojú mi látọjọ́ yìí. Akàn ni kó o tẹ̀ fún mi."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Ebo ló ru ẹja tí wọ́n fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Araba ń fọwọ́ ra èjìká. Ọkọ rẹ̀ ń yọjú wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ wáyà ẹ̀rọ gbígbóná náà, ó ká a jọ, ó mú ayùn.

"Ìyá wa," ó ní, "àfikún férémù funfun ni ká kọ́kọ́ kàn ni, àbí ti pupa?"