Ijó Tí Wọ́n Fo Ẹ̀rin Nínú Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án òní, nígbà tí mo jẹ ẹ̀wà yó tán tí mo ní kí n kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀wà ló fà á. Ẹ̀wà kì í mú ènìyàn rí òkú ọkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ ilé ìdáná.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn mí kí n tó sùn. Ẹ mọ̀ pé Tẹniọlá, ọmọ ọmọ mi, ló fà mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ijó sálúsà, ijó òkè òkun kan, tí wọ́n ṣí sẹ́yìn ilé epo ní Òkè-Àdó. Ó ní dókítà ní kí n máa mi ara. Mo débẹ̀, mo mi ara. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo ju ìdí sí ọ̀tún, mo jù ú sí òsì, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fẹ̀hìntọ́lá, tí wọ́n ń pè ní Máẹ́sítíró, bi mí pé, "Màmá Àgbà, irú sálúsà wo lẹ kọ́?"

Mo ní, "Ti Kúbà ni. Àkànmú ọkọ mi ló kọ́ mi lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kúùkù inú ọkọ̀ òkun ni. Kúbà ló ti kọ́ ọ bọ̀."

Ó ní, "Rárá o, Màmá. Orí oókan, ìlù àkọ́kọ́, lẹsẹ̀ yín ń bọ́ sí. Ti Lọ́ọ̀sì Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì nìyẹn."

Igbákejì rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn bí èèpo ẹ̀wà, fò sókè: "Ti Níú Yọ́ọ̀kì ni! Ẹ ò rí bí Màmá ṣe ń yí èjìká?" Kí Ọlọ́run gbọ́, mi ò yí èjìká kankan. Làkúrègbé ló yí i.

Wọ́n ń jà lórí ìdí mi bí alápatà méjì tó ń pín itan màlúù. Kò sẹ́ni tó bi ìdí léèrè. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ò wo ilé, wọn ò wo ọ̀nà. Nígbà tó di àná, Tẹniọlá kó àwọn bébà kan wálé, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí a óò lẹ̀ mọ́ àyà lọ́jọ́ eré wa. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: MÀMÁ ÀGBÀ, SÁLÚSÀ LỌ́Ọ̀SÌ ÁŃJẸ́LẸ́Ẹ̀SÌ. Ó dùn mí wọra. Ọkọ mi kú, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi mọ́tò sílẹ̀. Ijó yẹn ló fi sílẹ̀ fún mi, wọ́n tún ti fi orúkọ ẹlòmíràn pè é. Inú ìbànújẹ́ yẹn ni mo sùn.

Nínú àlá náà, mo wọ ilé ìdáná mi. Ìkòkò iyọ̀ ní, "Má fọwọ́ kàn mí, ṣúgà ni mí báyìí." Mo wò ó, lóòótọ́ ni, wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn lára. Wọ́n lẹ ÀGA mọ́ ìgbálẹ̀, mo sì rọra jókòó lé e, torí bébà kì í purọ́. Póò tí mo fi ń tọ̀ ni wọ́n lẹ ALÁGA ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní òun á ṣe ọ̀nà àdúgbò wa.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Àkànmú jókòó sórí pẹpẹ, láàrin kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti agolo mílíìkì. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti kú. Aṣọ kúùkù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, bébà sì wà níwájú orí rẹ̀: LỌ́Ọ̀SÌ ÁŃJẸ́LẸ́Ẹ̀SÌ.

"Àṣàbí," ó ní, "mò ń lọ o. Ibi tí wọ́n bá kọ síwájú orí ẹni ni wọ́n ń fi ẹni ránṣẹ́ sí. Tí gọ́ọ̀mù yìí bá gbẹ, ó parí nìyẹn."

"Ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ ajá níbẹ̀."

Mo tutọ́ sọ́wọ́, mo fẹ́ fi ṣí bébà náà. Bébà bù mí ní ìka jẹ. "Lọ sí ọ́fíìsì," ni bébà wí. "Orúkọ tòótọ́ nìkan ló lè ṣí mi." Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun láti inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lókè òrùlé wa. Okùn tí mo ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò, kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Mo ká ìró mi sókè dé orúnkún, mo gun okùn náà. Yẹ̀rì mi tí mo sá síbẹ̀ ń kùn pé, "Ẹ rọra, Màmá, ẹ ń tẹ̀ mí." Mo bẹ̀ ẹ́.

Àwọn méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà: obìnrin kúkúrú kan tó rí roboto, àti ọkùnrin gíga kan tó gbé fáìlì há abíyá. Obìnrin náà ní, "Èmi ni Ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n mi nìyí, Ẹ̀jọ. Wọn kì í kà wá nínú ijó yín."

Òótọ́ ni. Bí Tẹniọlá bá ń fi Yorùbá ka ẹsẹ̀ ijó náà fún mi, á ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta," á panu mọ́ níbi ẹ̀rin. Á ní, "Àrún, ẹ̀fà, èje," á tún panu mọ́ níbi ẹ̀jọ. Ijó tí wọ́n fo ẹ̀rín nínú rẹ̀, tí wọ́n tún fo ẹjọ́, irú ijó wo nìyẹn?

Mo ní, "Àkànmú tèmi kì í fo ẹ̀rin. Ibẹ̀ ló ti máa ń dúró, á wò mí lójú, á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á bú sẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rin ní, "Mo rántí yín." Ó nu imú.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Mo kọjú sí Ẹ̀jọ.

Ó ní, "Èmi? Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fò mí, Màmá." Ó wò mí báyìí, mo gbójú kúrò.

Mo wọlé. Máẹ́sítíró jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú ìkòkò gọ́ọ̀mù. Mo ní, "Ẹ bá mi yọ orúkọ yẹn kúrò lórí ọkọ mi. Ọkọ̀ ti ń fun fèrè."

"Ta ló sọ pé kì í ṣe Lọ́ọ̀sì Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì?"

"Èmi ìyàwó rẹ̀."

"Ṣé ẹ ní sàtífíkéètì?"

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún un. Ṣé kí n lọ kó wọn wá?"

Bó ṣe ń rò ó, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i. Nígbà tó fi máa dáhùn, ó ti di òbúkọ, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọ́fíìsì. Mo ní ẹ kú ìyípadà. Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ́, ẹ ṣé." Ó jẹ fọ́ọ̀mù mẹ́ta, ó ti ìkẹrin sí mi. "Ẹ kọ orúkọ tòótọ́ síbí."

Mo kọ KÚBÀ gàdàgbà. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ lórí bébà bí ìgbín, ó jábọ́, ó sá wọ abẹ́ tábìlì. Mo tún un kọ. Ó tún sá.

Òbúkọ ní, "Tòótọ́ ni mo wí."

Ni Ẹ̀jọ bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ṣí fáìlì. Ìwé ọkọ̀ òkun Àkànmú ló wà nínú rẹ̀, ìwé aláwọ̀ búlúù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi dòní. Ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ka òǹtẹ̀ tó wà níbẹ̀: "Tàkọ́rádí. Tàkọ́rádí. Èkó. Tàkọ́rádí. Tàkọ́rádí. Ọkọ̀ yìí ò kọjá ilẹ̀ Gánà rí, Màmá. Ẹ sì mọ̀."

Kí n má purọ́ fún yín, mo mọ̀. Ọdún tó kú ni mo ṣí ìwé náà, mo rí i, mo pa á dé. Mo ń bá Kúbà mi lọ. Èmi tí mo ń bú àwọn tó ń ṣi ijó lórúkọ, àṣé èmi gan-an lolórí wọn! Mo bú sẹ́rìn-ín nínú àlá, ẹ̀rín tó korò bí ewúro tí a ò fọ̀.

Ọkọ̀ òkun ti dé ojú fèrèsé. Àkànmú wà nínú rẹ̀, ó ṣì jókòó lórí pẹpẹ mi. Mo ké sí i, "Àkànmú, ta ló kọ́ ọ níjó ní Tàkọ́rádí?"

Ó dúró, bó ṣe máa ń dúró níbi ẹ̀rin. Ẹnu rẹ̀ là. Ẹ̀rín ò jáde. Ó ní, "Èfúwà ni. Ó máa ń dín ẹja létí èbúté."

"Ṣé òun náà máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

Ó kọjú sí òkun. Mo gbọ́ bí Ẹ̀rin ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì níta, tó bá tirẹ̀ lọ.

Òbúkọ na kálàmù sí mi. "Ẹ kọ ọ́, Màmá. Gọ́ọ̀mù ti ń gbẹ."

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Bí n kò bá kọ ọ́, wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò ti mọ ajá. Bí mo bá kọ ọ́, ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja ni mo fọwọ́ ara mi rán an lọ. Mo di kálàmù mú. Òbúkọ ń jẹ etí tábìlì. Fèrè ọkọ̀ dún, ó tún dún, ó di ohùn Tẹniọlá:

"Ení, èjì, ẹ̀ta... Ẹ̀yin Màmá Àgbà, ẹ dìde, bébà ti lẹ̀ mọ́ yín lójú!"

Àṣé orí àwọn bébà yẹn ni mo sùn lé. Lọ́ọ̀sì Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbagada. Ọmọ náà fà á tu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi láwọ. Ó wá mú òmíràn jáde, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. "Máẹ́sítíró ní tí ẹ ò bá gba tàwọn, kí ẹ kọ tiyín. Ṣé kí n kọ Kúbà?"

Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Kọ Tàkọ́rádí."

"Háà, Màmá! Kò sí ohun tó ń jẹ́ sálúsà Tàkọ́rádí."

"Ó wà. Inú ilé mi ló gbé dàgbà."

Ó kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ó yá: ení, èjì, ẹ̀ta." Mo gbé ẹsẹ̀. Mo dúró níbi ẹ̀rin, bí a ti máa ń dúró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà ọ̀sán nìkan ló dáhùn láti inú ikùn mi.