Òtútù Nọ́ńbà Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ o: bí pòtétò bá dúdú nínú epo kó tó jinná, ẹ má tí ì bú ẹni tó dín in. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí pòtétò ọ̀hún sùn.

Yìnyín ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá òtútù níléeṣẹ́ ìpápánu kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dín pòtétò nídìí agbada ńlá, ló bá a wáṣẹ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, pòtétò hù nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀gá ní bí òun bá tún rí èéhù kan, kó máa lọ sílé. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Yìnyín rọra yí òtútù láti nọ́ńbà mẹ́jọ sí mẹ́ta, kí yàrá lè túbọ̀ tutù. Kò sọ fẹ́nì kan.

Èéhù ò yọ mọ́. Ṣùgbọ́n pòtétò ń dúdú nínú epo. Àwọn aláyẹ̀wò wá, wọ́n bu díẹ̀ lọ. Ìwé wọn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan: akirilamáìdì, èròjà tí iná ń bí nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tó lè fa jẹjẹrẹ, ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí Yìnyín ṣe gbọ́, ó sáré dá òtútù padà sí mẹ́jọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò tí ì kúrò níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wọlé wá gbé àpò pòtétò. Obìnrin náà wo ọwọ́ ọ̀hún. Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

"Yìnyín, òógùn bò ọ́," alábàárù kan sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Àbí o ti ń yọ́ ni?"

Ọ̀gá na ìwé sókè. "Wọ́n ní bí òtútù bá pọ̀ jù, pòtétò á di aládùn, á máa yára dúdú. Tàbí kó jẹ́ pé iná ló pọ̀. Ọ̀kan nínú yín ló ń lọ sílé lónìí."

"Ọdún mọ́kànlá, iná mi ò yí padà," ẹ̀gbọ́n wí. "Mo gé pòtétò tútù tọ́ wò. Ó dùn bí ìrèké."

"Yìnyín, òtútù rẹ ńkọ́?"

"Mẹ́jọ ni, ọ̀gá. Ẹ lọ wò ó."

"Ìyá, ṣé ẹ rí nǹkan mìíràn?" ọ̀gá bi ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, ó wò ó títí. Yìnyín ń wo bàtà ara rẹ̀. Obìnrin náà ṣí fìlà iṣẹ́ lórí, ó ká a, ó fi í sórí tábìlì ọ̀gá bí ẹni tó ń lọ sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."